Hòtẹ́ẹ̀lì Tí Ó Ń Wo Àwọ̀ Àlejò

Àwọn àgbà wa ní èrò Òyìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo sun oorun òru mẹ́ta létí ọjà náà ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe àsọdùn. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló gbé mi láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ àdúgbò náà ló júwe hòtẹ́ẹ̀lì kan fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè ṣì í. Bí ẹ bá ti rí ilé tó múra bí egúngún tó ń lọ òde, ibẹ̀ náà ni."

Òótọ́ ló sọ. Ìsàlẹ̀ ilé náà pọ́n bí ìyeyè, àjà kejì rẹ̀ dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àjà kẹta rẹ̀ sì rí bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Gbogbo igi ojú fèrèsé rẹ̀ pupa fòò bí ẹni fi epo kùn ún. Nínú pálọ̀ ìsàlẹ̀, iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára ògiri bí ẹni pé ọdún Kérésì ti dé, bẹ́ẹ̀ oṣù keje la wà. Yàrá tí wọ́n fún mi kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́, fáànù rẹ̀ ń yí, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀nà ọjà.

Aago mẹ́rin ìdájí ni ọjà jí mi. Tírélà ń fọn fèrè, àwọn alábàárù ń pariwo pé "Àgò o! Ẹ yà fún mi o!", àwọn obìnrin ti ń na ọjà tí ojú ò tíì ríran. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òórùn ata, òórùn ẹja gbígbẹ àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n ti gun àtẹ̀gùn wá bá mi ní àjà kẹta. Wọ́n ti tún àdúgbò náà ṣe o. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé ọjà tuntun síbẹ̀ ní 2022, ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2024 kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n ariwo Òyìngbò, ariwo àtijọ́ náà ni.

Lọ́jọ́ tí mo dé, ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ mi: orúkọ mi, ìlú tí mo ti wá, àti owó. Kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìgbà kan wà ní Èkó yìí kan náà tí ẹni tó jókòó sídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ máa ń wo àwọ̀ ara àlejò kó tó wo ìwé. Ìtàn ìgbà náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ bí ìtàn àtijọ́ lásán, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ kejì kò gbà fún mi. Ẹ ó gbọ́ ọ kí n tó dákẹ́.

KÍ HÒTẸ́Ẹ̀LÌ TÓ DÉ

Kí òyìnbó tó mú ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì dé, Yorùbá ti ní ètò ibùwọ̀ tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọjà ló sì sábà máa ń wà. Oníṣòwò tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá kì í gba inú ọjà lọ tààrà. Ilé baba onílé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ẹrù sí. Baba onílé á fún un ní yàrá, á bá a tọ́jú ẹrù, á bá a wá ẹni tí yóò rà á, á sì dúró fún un bí ẹni tó rajà àwìn bá fẹ́ sá lọ. Lára ohun tí àlejò bá tà ni baba onílé ti ń rí tirẹ̀. Òun ni ilé ìtura, òun ni báńkì, òun náà ni alágàtà. Àwọn Hausa tó ń wá ra obì ní Ìbàdàn mọ ètò yìí dáadáa. Láti 1916 tí wọ́n ti dá Sábó sílẹ̀ fún wọn, ọwọ́ irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀ ni òwò obì àti ti màlúù wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Wọ́n ní àlejò tó bá wọ̀ bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ìwà àlejò ni wọ́n ń wò, àti ọjà tó gbé wá. Kò sẹ́ni tó jẹ́ lé oníṣòwò jáde nítorí pé òórùn ẹrù rẹ̀ tẹ̀ lé e wọlé. Ẹrù yẹn gan-an ló sọ ọ́ di àlejò pàtàkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ìrìn àjò yí padà. Oúnjẹ ilẹ̀ òkè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sí Iddo, tó múlé gbe Òyìngbò, èrò sì ń bá a wá. Àwọn òyìnbó ìjọba àti ti ilé iṣẹ́ náà ń rìn, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ wọ̀ sílé baba onílé. Wọ́n ní ilé ìsinmi tiwọn, wọ́n ní kílọ́ọ̀bù tiwọn, wọ́n ní ilé ìwòsàn tiwọn, wọ́n sì ní Ìkòyí tí wọ́n ń gbé. Ní Erékùṣù Èkó, ní òpópónà Martins, hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tó gbayì láàárín wọn. Bristol ni orúkọ rẹ̀. Ará Gíríìsì ló ni ín. Ẹni dúdú lè se oúnjẹ níbẹ̀, ó lè fọ aṣọ níbẹ̀, ó lè gbé ẹrù àlejò gun òkè. Kí òun fúnra rẹ̀ wá sùn lórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

OBÌNRIN ERÉKO

Láti òpópónà Martins, kò jìnnà tí a ó fi dé ọjà Eréko. Níbẹ̀ ni obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alimotu Pelewura. Ẹja ló ń tà. Kò kàwé, kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, mùsùlùmí òdodo ni, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Bí ìjọba bá dìde sí ọlọ́jà, òun ni wọ́n máa ń bá lójú ọ̀nà. Ní 1936 tí wọ́n fẹ́ ká ọjà Eréko kúrò níbi tó wà, ó kọ̀. Wọ́n gbé e àti àwọn kan lára ẹgbẹ́ rẹ̀ jù sí àtìmọ́lé, àwọn obìnrin dìde, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Ní 1940 tí ìjọba ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ máa san owó orí, ó kó àwọn obìnrin jáde títí ìjọba fi sún ìwọ̀n owó náà sókè.

Ṣùgbọ́n ìjà tó le jù lọ ni ti gààrí. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba yan òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Pullen láti máa dá iye tí wọ́n ó máa ta oúnjẹ ní Èkó. Lójú ìwé, ó dára: kí oúnjẹ má baà wọ́n. Lójú ọjà, wàhálà gbáà ni. Iye tí ìjọba dá kò tó owó tí àwọn obìnrin fi ra ọjà lóko tí wọ́n sì fi gbé e wọ ìlú. Ẹni tó bá tà á ní iye yẹn, gbèsè ló ń jẹ. Ẹni tó bá tà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ẹjọ́ ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ pòórá ní ojú ọjà, ó di ohun tí wọ́n ń rà ní kọ̀rọ̀ lóru. Pelewura àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò yéé pariwo títí ogun fi parí, nígbà tí ó sì di 1945, ètò Pullen wọmi.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ ti ẹlẹ́ja nínú ìtàn hòtẹ́ẹ̀lì? Ìdí ni pé kò sí ìkòkò tó lè hó ní Èkó, ì báà ṣe ti òyìnbó, ì báà ṣe ti ẹni dúdú, bí kò bá ti ọwọ́ irú àwọn obìnrin wọ̀nyí kọjá. Ìjọba mọ̀ pé ebi ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, bí Pelewura bá ní òun fẹ́ sun oorun òru kan ṣoṣo ní Bristol, ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn.

ỌMỌKÙNRIN TÍ WỌ́N DÁ PADÀ

Ìdáhùn náà jáde sí gbangba ní oṣù kejì 1947. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ivor Cummings ti London wá sí Èkó. Kì í ṣe èrò lásán o. Òṣìṣẹ́ ni ní iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí, òun sì ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó kọ́kọ́ di ipò ọ̀gá mú níbẹ̀, láti 1941. Ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí, ní West Hartlepool, ní 1913. Dókítà ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, òyìnbó pọ́ńbélé tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Wọ́n ti bá a gba yàrá sílẹ̀ ní Bristol. Bí ẹ bá ka orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, òyìnbó lẹ ó pè é.

Ìgbà tó yọ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n rí àwọ̀ ara rẹ̀. Yàrá tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́.

Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí. Ọkùnrin yìí gan-an, iṣẹ́ rẹ̀ ní London ni kó máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú wá ilé tí wọ́n ó gbé, nítorí ọ̀pọ̀ onílé òyìnbó ni kì í gbà wọ́n. Kó tó wọ iṣẹ́ ìjọba, ó ti ṣiṣẹ́ ní Aggrey House, ilé kan tí wọ́n ṣí fún irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá kúrò ní ìlú òyìnbó, ó dé ilẹ̀ àwọn èèyàn dúdú, ó di ẹni tí kò ríbi sùn.

Ọ̀rọ̀ náà jó Èkó bí iná ọyẹ́. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, wọn ò sì jẹ́ kó tutù. Àwọn olóṣèlú tí wọ́n ti ń bá ara wọn ta kàngbọ̀n tẹ́lẹ̀ pa ohùn pọ̀. Ìbínú náà ní ìdí méjì. Ọmọ ogun wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Burma dé ni, níbi tí wọ́n ti lọ jà fún ọba òyìnbó, kò sì sẹ́ni tó wo àwọ̀ ara wọn níbẹ̀ kó tó ní kí wọ́n wá kú. Èkejì, oṣù kìíní ọdún yẹn ni òfin ìṣèlú tuntun tí Gómìnà Arthur Richards ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n ní yóò mú kí ọmọ Nàìjíríà ní ohùn nínú ìjọba ìlú rẹ̀. Àwọn èèyàn bi ara wọn pé irú ohùn wo lẹni tí kò lè wọ hòtẹ́ẹ̀lì nílùú rẹ̀ ní?

Gómìnà rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ bò. Ní oṣù kẹta, ó kọ ìwé sí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n má ṣe fi àwọ̀ ya èèyàn sọ́tọ̀ mọ́ ní àwọn ibi tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, títí dé ilé ìwòsàn tó ti jẹ́ ti òyìnbó nìkan. Kì í ṣe pé ohun gbogbo yí padà lọ́sàn-án kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ lé dúdú jáde ní láti wá irọ́ mìíràn pa, nítorí ìjọba kò dúró lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

LỌ́HÙN-ÚN PẸ̀LÚ

Bí ẹ bá rò pé Èkó nìkan ni, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rò. Ní 1943, Learie Constantine, ògbólógbòó agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ọmọ Trinidad, kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì Imperial ní London. Wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún òru mẹ́rin. Nígbà tó dé, wọ́n ní òru kan péré ló lè sùn. Constantine gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní 1944, adájọ́ dá a láre, ó ní kí wọ́n san gínì márùn-ún fún un. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n orúkọ tó rà tóbi. Títí di 1965 kí òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ọ́ kedere pé hòtẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ lé èèyàn.

Àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ kò dúró de òfin. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní London ní 1925, gbéra padà wálé ní 1929. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló fi ń ká ìlú kiri ní etíkun wa, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba àti mẹ̀kúnnù. Ní 1933, ilé ẹgbẹ́ náà ṣí ní Camden Town. Ọmọ dúdú tó bá dé London lálẹ́ tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ríbi wọ̀ wàyí. Baba onílé ayé àtijọ́ náà ni, ó kàn sọdá òkun ni.

Cummings náà kò jẹ́ kí ohun tí wọ́n ṣe fún un ní Èkó sọ ọwọ́ rẹ̀ di líle. Ní oṣù kẹfà 1948, ọkọ̀ ojú omi Windrush gbé àwọn ará erékùṣù Caribbean wọ Tilbury, òun sì ni ìjọba rán lọ pàdé wọn. Ó lé ní 200 nínú wọn tí kò níbi tí wọ́n ó sùn. Inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ní Clapham, tí wọ́n gbẹ́ nítorí bọ́ǹbù nígbà ogun, ni wọ́n fi wọ́n sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gbà dé Brixton tó wà nítòsí, wọ́n sì sọ ọjà ibẹ̀ di ibi tí a ti ń rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata rodo títí dòní. Ẹni tí wọ́n bá lé ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀gbẹ́ ọjà náà ló ń forí lé.

ÒRU ỌJỌ́ KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká padà sí Òyìngbò. Lóru ọjọ́ kejì, nǹkan bí aago mọ́kànlá, òjò ń rọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ ra omi. Mo bá obìnrin kan lẹ́nu tábìlì, yóò tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, aṣọ rẹ̀ rin, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Iṣu ló kó láti apá Ṣakí. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà, ìgbà tí wọ́n máa dé, ọlọ́jà ti tilẹ̀kùn. Ó tú owó létí ìró rẹ̀, ó kó o sórí tábìlì.

Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ lálẹ́ náà ní, "Mama, yàrá ti tán."

Kọ́kọ́rọ́ tí mo rí lára pátákó lẹ́yìn rẹ̀ tó mẹ́fà. Ìyá náà rí wọn bí mo ṣe rí wọn. Kò jà. Ó ká owó rẹ̀, ó dì í mọ́ etí ìró, ó jáde sínú òjò. Kò pẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ bàtà dídán wọlé, wọ́n sì já kọ́kọ́rọ́ fún un.

Mo bi ọmọkùnrin náà léèrè. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Àwọn tó wà lókè ò fẹ́ òórùn ọjà ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ká ṣe."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n ò ní purọ́ fún yín. Mo gba omi mi, mo gun òkè lọ. Mo dùbúlẹ̀. Ìtàn Cummings tí mo ti ń kà kiri láti ọjọ́ pípẹ́ wà nínú báàgì mi. Mo ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ká ní mo wà ní Èkó ní 1947, mi ò ní dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ mo dákẹ́. Ó tó wákàtí kan kí n tó dìde, kí n tó sọ̀kalẹ̀ láti lọ sọ pé kí wọ́n fún un ní yàrá mi bí wọn ò bá ní òmíràn. Ó ti pẹ́ jù. Ìyá ti lọ.

Ní ìdájí, mo lọ wá a lójú ọjà. Mo bá a nídìí ọkọ̀, níbi tó sùn mọ́jú lórí iṣu rẹ̀, ó ti ń tajà. Ta ni mo rí níwájú rẹ̀? Alásè hòtẹ́ẹ̀lì náà ni, ó so épúróònù mọ́ra, ó ń yan iṣu tí wọ́n ó fi gún iyán fún àwọn àlejò lọ́sàn-án. Ó rà á, alábàárù gbé e, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé.

Mo kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ àná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Kò sí wàhálà, ọmọ mi. Iṣu mi ṣáà ti wọlé. Èmi ni wọn ò jẹ́ kí n wọlé."

Mo san owó òru tó kù, nítorí ẹrù mi ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó lọ mo rí màníjà. Mo sọ ìtàn òpópónà Martins fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí. Ó ní òun ó bá àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀. Bóyá ó bá wọn sọ ọ́, bóyá kò bá wọn sọ ọ́, n ò mọ̀. Bí mo bá tún dé Èkó, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ wọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kí n tó gba kọ́kọ́rọ́ mi, màá kọ́kọ́ dúró lẹ́bàá tábìlì wọn fún ìgbà díẹ̀, kí n wo àwọn tí wọ́n ń fún ní yàrá.